Ẹṣin tó sáré tán ṣì ní ọjọ́ púpọ̀ níwájú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òǹkàwé yín kan kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ń fi owó ṣòfò lórí ẹṣin arúgbó nígbà tí ebi ń pa ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio, àmọ́ ọjọ́ Sátidé mi, ọ̀dọ̀ àwọn ẹṣin yẹn ni mo máa ń wà, ní oko kan lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹṣin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu eré ìje. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń fọwọ́ kàn wọ́n.

Wọn kì í ṣe arúgbó. Standardbred ni wọ́n ń pe irú wọn. Wọn kì í gùn wọ́n sáré. Kẹ̀kẹ́ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n ń so mọ́ wọn, awakọ̀ á wá jókòó sẹ́yìn. Orúkọ wọn wá láti inú òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún 1879: ẹṣin tó bá lè sáré máìlì kan ní ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ló yege. Ọmọ ọdún méjì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin ibí sì ni pé kò gbọdọ̀ sáré mọ́ tó bá ti pé ọdún 15. Bẹ́ẹ̀ ẹṣin lè gbé ọdún 25 sí 30 láyé! Kí ló fẹ́ fi ìyókù ṣe?

Àwọn Amish, ìjọ Kristẹni kan tí kì í wa mọ́tò, máa ń ra àwọn kan, wọ́n á so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń lọ sọ́jà àti ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Àwọn mìíràn á dé ọjà gbàǹjo, níbi tí àwọn tó ń ra ẹṣin fún ẹran ti ń dúró dè wọ́n. Ọdún 2007 ni ilé ìpẹṣin tó kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá ṣì ń kó wọn kọjá sí Kánádà àti Mẹ́síkò.

Ọjà gbàǹjo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ra èyí tí mo ń tọ́jú. Ẹni tó ń ra ẹran àti oko wa ni wọ́n jọ ń fi owó lé ara wọn títí tọ̀hún fi jáwọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Àjàní. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó pupa rúsúrúsú, àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n fi irin tó tutù nini tẹ̀ sí i lọ́rùn sì wà níbẹ̀ dòní. A tú u sílẹ̀ sínú koríko kó sinmi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹnu géètì ló ń dúró sí ní gbogbo òwúrọ̀, ó ń retí ẹni tó máa wá di nǹkan mọ́ ọn lára.

Ẹnu Àjàní gbọ́ ìjánu dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò mọ gàárì. Kò sẹ́ni tó gùn ún rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń da àyà lé e lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan á dúró níwájú, á máa bá a sọ̀rọ̀. Kò bẹ̀rù ọkọ̀, kò bẹ̀rù ariwo. Pápá eré ti kọ́ ọ ní ìyẹn. Èyí tó nira jù ni eré fífò, ìyẹn sísáré pẹ̀lú ìfò bí ẹṣin tí èèyàn ń gùn ṣe máa ń sáré. Lórí pápá eré, ẹsẹ̀ ọ̀tún méjèèjì ló ń gbé pọ̀, kó tó gbé tòsì, ọ̀já ni wọ́n sì fi ń so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ tẹ̀yìn kó má bàa yí i padà. Bí ẹṣin bá fò lórí pápá, awakọ̀ gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi sọ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe é. Àwa wá ní kó ṣe é. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fò, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré, ó dúró lójijì, ó dẹ etí sẹ́yìn, ó ń retí ìbáwí. Mo gbá a lọ́rùn mọ́ra, mo sì sunkún.

Ẹni tó kọ̀wé yẹn kò mọ̀ pé ọrẹ àwọn èèyàn ló ń ra koríko gbígbẹ, tó ń san owó pátákò àti ti dókítà ẹran. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà, torí kò yẹ kó jẹ́ owó ọrẹ. Ẹṣin yìí ti pa owó wọlé fún olówó rẹ̀, fún awakọ̀, fún àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́. Ó yẹ kí wọ́n máa yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú gbogbo ẹ̀bùn eré, láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Láti ọdún 2012 tí wọ́n ti ṣí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ sí pápá ẹṣin Scioto Downs nítòsí wa níbí, apá kan owó ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ń di ẹ̀bùn eré. Mo mọ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń lọ tẹ ẹ̀rọ níbẹ̀ tí wọn kò tíì wo ẹṣin kan lójú rí.

Nílé wa ní Ìlọrin, bàbá mi ló ń tọ́jú ẹṣin ìjòyè kan. Nígbà tí ẹṣin náà kò lè gbé e lọ sí Yídì mọ́, àgbàlá wa ló wà, ó ń jẹ èèpo ọkà bàbà, àwa ọmọdé sì ń gùn ún títí ó fi kú. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní òfò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde. Bí ẹnì kan bá wà ní agbègbè Columbus tó ní wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé, kò dìgbà tó bá mọ ẹṣin gùn. Ìgbẹ́ wà nílẹ̀ láti kó, ṣọ́bìrì sì wà.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìlọrin kan, Columbus, Ohio.