Ẹrẹ̀ tí wọ́n wà jáde nínú Odò Àsà ti padà sínú odò

Sí Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Òjò tó rọ̀ mọ́jú Jímọ̀ ti gbá ẹrẹ̀ tí wọ́n fi katakata wà jáde nínú Odò Àsà padà sínú odò. Ẹni tó bá ń gba afárá Àmílégbé kọjá mọ òkìtì tí mò ń wí. Etí omi gan-an ni wọ́n kó o jọ sí, kò sẹ́ni tó padà wá kó o. Owó ìlú ni wọ́n fi wà á, owó ìlú náà ni wọ́n tún máa fi wà á.

Omi náà ti pọ́n báyìí, ó ki bí ògì bàbà. Mo bá ọ̀kan nínú àwọn tọ́rọ̀ kàn sọ̀rọ̀, ó ní ṣebí ẹrẹ̀ lásán ni, kì í ṣe májèlé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Omi tó bá rú kì í jẹ́ kí oòrùn dé ìsàlẹ̀. Koríko abẹ́ omi ò ní rí ìmọ́lẹ̀, kò sì ní lè tú afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sílẹ̀. Ẹrẹ̀ á bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, á sé e pa. Àwa èèyàn náà ńkọ́? Kòkòrò àìsàn máa ń sá pamọ́ sínú omi tó rú, kílórínì ò ní rí i pa dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ìlànà Nàìjíríà fi ní kí rírú omi mímu má kọjá 5 NTU, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe rú tó.

Kò sì mọ sí Ìlọrin. Àsà ń ṣàn sínú Odò Àwun, Àwun ń ṣàn sínú Odò Ọya, Ọya á gba Lọ́kọ́ja kọjá dé ibi tí omi dídùn ti ń pàdé omi iyọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ọ̀pọ̀ ẹja òkun àti edé ti ń dàgbà. Mo mọ̀ pé ẹrẹ̀ odò ló kọ́ ilẹ̀ Delta, ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ èèyàn dà sómi lójijì yàtọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ò wọ́n. Ní 1865, Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì, so awo funfun mọ́ okùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sínú òkun Mẹditaréníà. Ibi tí ojú ò bá ti rí awo náà mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti wọn okùn, kí wọ́n lè mọ bí omi ṣe mọ́ tó. Awo ti òde òní fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n pín in sí mẹ́rin, dúdú àti funfun. Alágbẹ̀dẹ wa lè gé e lára páànù. Kí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì pẹ̀lú olùkọ́ wọn máa fi wọn omi Dáámù Àsà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níbi tí odò ò ti jìn, kí wọ́n bu omi rẹ̀ sínú ọ̀pá rọ́bà tó mọ́ gara, tó ní awo kékeré ní ìdí, kí wọ́n wò ó láti òkè. Kí wọ́n máa ka iye rẹ̀ lórí rédíò. Bí ẹnikẹ́ni bá da ẹrẹ̀ sódò, gbogbo ìlú á gbọ́ lọ́sẹ̀ náà.

Kí wọ́n jẹ́ kí koríko hù létí odò. Kí wọ́n dá àwọn tó ń wa iyanrìn lábẹ́ afárá dúró. Kí agbaṣẹ́ṣe tó bá wa odò má sì gba owó rẹ̀ pé títí ẹrẹ̀ tó wà á fi kúrò létí omi pátápátá.

Òbí kan,
Àmílégbé, Ìlọrin.