Òkè Tí O Bèèrè Lọ́wọ́ Mi

Decatur, Georgia

Ìyá Ìbejì ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú ìtọ́jú ilé, o kú wàhálà ọjà. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìbéèrè méjì lo bi mí nípa fọ́tò tí mo gbé síbẹ̀: òkè wo nìyẹn tó pá lórí báyẹn, àti pé ta ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó wà lórí ẹṣin lára àpáta tó wà lẹ́yìn wa. Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Èkejì yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sínú fóònù nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná.

Stone Mountain ni wọ́n ń pè é. Bí a bá wakọ̀ kúrò ní àárín ìgboro Atlanta, ó tó nǹkan bíi máìlì 16 sí ìhà ìlà-oòrùn. Àpáta kan ṣoṣo ni, akọ òkúta tó ṣàdédé yọ gọnbọ láàárín ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 825 ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Ìwọ ọmọ Ìkìjà tó jẹ́ pé Olúmọ lo fi ṣe aládùúgbò, irú rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ọ, àmọ́ Olúmọ kéré sí i púpọ̀. Wọ́n ti sọ gbogbo àyíká rẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́: igbó wà níbẹ̀, adágún wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń pàgọ́ sùn mọ́jú náà wà. Ilẹ̀ rẹ̀ tó éékà 3,200.

Ẹgbẹ́ wa níbí, àwa ọmọ Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú tó bá ìyàwó wọn wá, máa ń ṣe píkíníìkì níbẹ̀ bí ooru bá ti ń rọlẹ̀ nínú oṣù September. A máa ń sanwó de àtíbàbà kan sílẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, orí ọkọ̀ ni wọ́n ń gbowó lé, wọn kì í kà á lórí èèyàn, nítorí náà o ò ní rí ọkọ̀ Yorùbá tí kò kún dẹ́nu: kúlà lórí itan ẹnì kan, ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù láàárín ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ọmọ tó há sáàárín àpò èédú. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa ń fi àdéhùn sí. O mọ̀ wá. Àwọn tó bá dé ní mẹ́jọ ló ń gun òkè kí oòrùn tó mú, àwọn tó bá dé ní mọ́kànlá la ń ti mọ́ ìdí ààrò. Kò sí ẹni tó ṣòfin yẹn, ṣùgbọ́n ó ti fìdí múlẹ̀ ju ìwé òfin ẹgbẹ́ lọ.

Ọ̀nà tí a ń gbà gùn ún wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, máìlì kan péré láti ìsàlẹ̀ dé orí. Kí ọ̀rọ̀ máìlì kan yẹn má tàn ọ́ o. Kò sí àtẹ̀gùn bíi ti Òkè Ìdànrè. Orí àpáta gan-an lo máa fẹsẹ̀ rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, igi páìnì ń ṣíji bò ọ́, ò ń sọ̀rọ̀, ò ń dáhùn. Nígbà tó bá yá, igi á máa dín kù, òkúta á máa pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ náà á máa dín kù. O máa rí orúkọ àwọn tó ti gùn ún láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n fi òòlù gbẹ́ sójú àpáta tòun ti ọdún tí wọ́n wá, lẹ́tà wọn sì gún régé. Ajá kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yẹn. Ìyẹn dùn mọ́ mi, o kúkú mọ èmi àti ajá.

Apá tó kẹ́yìn ló le. Ó dagun débi pé wọ́n ri irin mọ́lẹ̀ kí èèyàn lè rí nǹkan dì mú. Ibẹ̀ la ti máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó sáré kọjá lára wa nísàlẹ̀, tí wọ́n ti jókòó, tí wọ́n ń mí hẹlẹ. Màmá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìró àti bùbá ni wọ́n máa ń wọ̀ gun òkè náà, pẹ̀lú bàtà kánfáàsì. Wọn kì í yára, wọn kì í sì í dúró. Bí a bá máa débẹ̀, wọ́n ti wà lórí òkè, wọ́n ń mu omi, wọ́n á ní, “Ṣé ẹ ti ń bọ̀?”

Afẹ́fẹ́ orí òkè yẹn nìkan tó èrè àárẹ̀ ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbòòrò, àwọn ilé gogoro Atlanta hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn kòtò wà lójú àpáta tí omi òjò máa ń dúró sí, nínú omi yẹn sì ni edé wínníwínní kan ń gbé. Bí omi bá gbẹ, edé á kú, ẹyin rẹ̀ á wà nínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ títí òjò yóò fi tún rọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò pa. Mo sọ èyí fún ọkọ mi, ó ní ẹyin yẹn ní sùúrù ju òun lọ. Ní September kan náà ni òdòdó yẹ́lò kan máa ń yọ níbikíbi tí iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bá ti rọ́ sẹ́sẹ̀ àpáta. Òdòdó tó rẹwà ni, ṣùgbọ́n Confederate daisy ni wọ́n ń pè é, ìyẹn sì mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin tí o bèèrè.

Jefferson Davis, Robert E. Lee àti Stonewall Jackson ni wọ́n. Láti ìparí 1860 wọ inú 1861 ni àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, tí wọ́n pe ara wọn ní Confederate, yapa kúrò lára Amẹ́ríkà nítorí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹrú wọn sílẹ̀. Davis ni ààrẹ wọn, àwọn méjì yòókù jẹ́ ọ̀gágun. Ogun bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fìdí rẹmi ní 1865. Àwòrán wọn tí wọ́n gbẹ́ sára òkè gba nǹkan bí éékà mẹ́ta, ó sì wà lókè téńté tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó o.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Èèyàn lè rò pé àwọn ọmọ àwọn tó kú sójú ogun ló fi ẹkún gbẹ́ ẹ. Rárá o! 1923 ni Gutzon Borglum bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan náà tó padà lọ gbẹ́ ojú àwọn ààrẹ sára Mount Rushmore. Òun àti àwọn tó gbéṣẹ́ fún un jà, ó kẹ́rù ní 1925. Ẹni tó gbaṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ fọ́ gbogbo ohun tó ti ṣe dànù, ó tún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, owó sì tán ní 1928. Iṣẹ́ kú síbẹ̀. Àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sọ ní 1954 pé kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun máa kàwé pọ̀ ni ara tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn kan. Ìjọba Georgia ra òkè náà ní 1958, wọ́n gbé òòlù padà ní 1964, wọ́n parí ní 1972. Ìyá Ìbejì, ní 1972! Àwa ti gba òmìnira fún ọdún 12, a tilẹ̀ ti ja ogun abẹ́lé tiwa parí, kí wọ́n tó parí gbígbẹ́ àwọn tó fìdí rẹmi ní 1865.

Èyí tó burú jù wà níbẹ̀. Ní òru kan ní November 1915, orí òkè yẹn ni àwọn kan lọ sun àgbélébùú sí láti tún ẹgbẹ́ Ku Klux Klan dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tó ń fi ìkà ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìdí nìyẹn tí Martin Luther King fi dárúkọ òkè náà ní Washington lọ́jọ́ 28 August 1963, pé kí agogo òmìnira dún láti orí rẹ̀ pàápàá.

Mo ń gbọ́ ohùn rẹ: “Ẹ sì lọ ń jẹ mọ́ínmọ́ín níbẹ̀?” A ti jiyàn yìí nínú ẹgbẹ́. Bàbá kan wà tí kò bá wa débẹ̀ rí títí dòní, wọ́n á fi owó tiwọn ránṣẹ́, wọ́n á jókòó sílé. Kò sí ẹni tó ń bá wọn fà á, torí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ọmọbìnrin mi ní kí wọ́n jẹ́ kí ewéko hù bo àwọn ẹlẹ́ṣin náà. Òfin ìpínlẹ̀ kò gbà kí wọ́n mú àwòrán náà kúrò. Ohun tí wọ́n rí ṣe ní 2021 ni pé wọ́n kó àsíá àwọn ọmọ ogun Gúúsù kúrò lójú ọ̀nà tí a ń gbà gòkè, wọ́n gbé e lọ síbòmíràn nísàlẹ̀.

Tèmi ni pé àpáta náà ti wà kí wọ́n tó bí Davis, wọn ò sì bi í léèrè kí wọ́n tó fi òòlù kàn án lójú. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó fọ́ òkúta níbẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé ní àdúgbò Shermantown nísàlẹ̀ òkè. Afárá onígi kan tó ní òrùlé wà nínú ọgbà náà. Washington King ló kọ́ ọ ní 1892, ọmọ Horace King, ẹni tí wọ́n bí sóko ẹrú tó padà di ògbóǹtarìgì akọ́fárá. Ìlú Athens ti Georgia níbí ló wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá ní 1965. Ní 1997, wọ́n dìbò yan aláwọ̀ dúdú, Chuck Burris, sípò olórí ìlú Stone Mountain, ilé tí ọ̀gá àgbà Ku Klux Klan kan ti gbé rí ló sì ń gbé. Tí mo bá kọ̀ tí mi ò gùn ún mọ́, ta ni mo fi òkè sílẹ̀ fún?

Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó sí pápá tó wà níwájú àwòrán yẹn kí n máa jẹun. Ti fọ́tò tí o rí yẹn, ọmọ tó yà á ló ní ibẹ̀ gbòòrò, ká dúró. Ẹ̀gbẹ́ adágún la máa ń jókòó sí, níbi tí igi ti bo àwòrán náà lójú wa. Tí o bá rí bí ọgbà náà ṣe máa ń kún! Láti Clarkston tí kò jìnnà ni àwọn tó sá ogun wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti máa ń wá. Ìdílé kan láti Ethiopia jókòó tì wá lọ́jọ́sí, wọ́n ń yan kọfí lórí iná tiwọn, àwa ń sun adìyẹ tí a fi yájì pa lára. Kò pẹ́ tí abọ́ fi ń lọ, tí ife fi ń bọ̀. Àwọn ọkùnrin wa ta ayò títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ariwo wọn sì ju ti àwọn ọmọdé lọ.

Tí físà rẹ bá bọ́ sí i, bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kí o kó wá, fi bàtà gogoro sílé. Bí òjò bá rọ̀, a ò ní gùn ún, ó ń yọ̀ bí ilá.

Iṣẹ́ kan kù tí mo fẹ́ kí o bá mi jẹ́. Ẹgbẹ́ fẹ́ wọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ti ọdún tó ń bọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi dé Ìtòkú, wo èyí tí aró rẹ̀ dúdú dáadáa, kì í ṣe àwọn aláràbarà kẹ́míkà yẹn. Ya fọ́tò oríṣi mẹ́ta ránṣẹ́ kí ìjà aṣọ tètè parí níbí. Ná an bí o ṣe máa ń ná an, má sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé Amẹ́ríkà ló ń lọ.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Fúnmi