Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Ohùn Wọn Kí Ẹ Tó Yan Akéwì Ọba

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwa kan jókòó ní ilé ìkàwé àdúgbò wa níbí ní Ìlú Ọba, tí à ń sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí yóò gba ipò Poet Laureate, Akéwì Ọba, akéwì tí ọba ń yàn láti máa kọ ewì fún orílẹ̀-èdè, lọ́wọ́ Simon Armitage nígbà tí sáà rẹ̀ bá parí ní 2029. Wọ́n pe òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá. Mo nawọ́, mo bi í pé ọ̀nà wo ni àwa tí à ń gbọ́ ewì yóò fi lè dá sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó mọ̀ nípa ewì ni yóò yan ẹni tó yẹ, pé tó bá tó àkókò, a ó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ló bá ki ìwé rẹ̀ bọ báàgì, ó ní ọkọ̀ ojú irin òun ti fẹ́ lọ.

A ó gbọ́ orúkọ rẹ̀! Orúkọ ṣáá ni wọ́n fẹ́ ká máa gbọ́. Ta ló ń fi orúkọ ké ewì?

Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgbìmọ̀ kan á tilẹ̀kùn mọ́rí, wọn á kó orúkọ fún olórí ìjọba, olórí ìjọba á mú ọ̀kan tọ ọba lọ, ọba á fọwọ́ sí i, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ọdún 10 gbáko ni ẹni náà yóò lò níbẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà sé wa mọ́lé ní 2020, tí Ọbabìnrin Elizabeth sì wàjà ní 2022, Armitage ni gbogbo ìlú ń wojú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀, ó sì kọ ewì fún méjèèjì. Ewì rẹ̀ àti ti Carol Ann Duffy tó ṣáájú rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn ọmọ wa ń kà fún ìdánwò GCSE, èyí tí àwọn ọmọ ọdún 16 ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tó kàn wá tó báyìí, kí ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀?

Ẹ wo ibi tí ìkọ̀kọ̀ náà gbé wa dé. 1668 ni Ọba Charles Kejì fi akéwì John Dryden sí ipò yìí. Ọdún 341 kọjá kí obìnrin àkọ́kọ́, Duffy, tó débẹ̀ ní 2009. Títí di òní, kò sí aláwọ̀ dúdú kan, kò sí ọmọ Éṣíà kan. Wọn á ní àwọn kan ló fúnra wọn kọ̀ ọ́. Lóòótọ́, Benjamin Zephaniah, akéwì aláwọ̀ dúdú, sọ ọ́ ní gbangba nígbà ayé rẹ̀ pé òun kò fẹ́, Imtiaz Dharker, akéwì tí wọ́n bí ní Pakistan, náà sì fà sẹ́yìn ní 2019 kó lè gbájú mọ́ ewì rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akéwì aláwọ̀ funfun náà kọ̀ ọ́: Walter Scott kọ̀ ọ́ ní 1813, Philip Larkin kọ̀ ọ́ ní 1984, wọn ò torí ìyẹn dáwọ́ wíwá ẹlòmíràn dúró.

Ní ilé ìkàwé yìí kan náà, mo gbọ́ ọmọbìnrin kan tó ké ewì nípa ìyá rẹ̀ tó ń tọ́jú ilé ìwòsàn lóru. Ọkùnrin tó ń to ìwé sórí pẹpẹ dúró gbagidi, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀, títí ọmọ náà fi parí. Ọmọ yìí kò tíì tẹ ìwé kankan jáde. Ta ni nínú àwọn tó tilẹ̀kùn mọ́rí yóò gbọ́ ọ?

Àbá mi nìyí. Kí orúkọ ẹnikẹ́ni tó dé iwájú olórí ìjọba, kí àwọn tó gbà láti ṣe iṣẹ́ yìí wá ké ewì wọn létí aráyé. Ilé ìkàwé ni kí wọ́n lò. Armitage fúnra rẹ̀ ti ń lọ láti ilé ìkàwé kan sí òmíràn, tó ń tẹ̀lé A, B, C orúkọ ìlú, nítorí náà ọ̀nà ti là. Kí wọ́n dé England, Scotland, Wales àti Northern Ireland. Kí oníkálukú ké ewì mẹ́ta: ògbólógbòó kan, titun kan, àti ọ̀kan lórí ohun tí wọ́n bá fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí ewì tí wọ́n ní kó kọ ló pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, Andrew Motion tó ṣe é láti 1999 sí 2009 sì sọ pé iṣẹ́ náà pa ewì òun lára gidigidi. Kí wọ́n gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí Motion ṣe bá wọn dá Poetry Archive sílẹ̀ fún ohùn àwọn akéwì. Ẹni tí ojú ń tì, kó gba tirẹ̀ sílẹ̀ nílé. Kì í ṣe ìdìbò ni mo ń sọ o. Kí olùgbọ́ kọ ewì tó wọ̀ ọ́ lára sórí káàdì, kí ìgbìmọ̀ ka káàdì wọ̀nyẹn, kí wọ́n sì tẹ ohun tí àwọn èèyàn sọ jáde kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn, ẹ má fún wa ní orúkọ lásán mọ́.

Kí wọ́n kéde àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀. Kí wọ́n dín sáà kù sí ọdún 5. Kí wọ́n fowó kún £5,750 lọ́dún tí akéwì ń gbà, ó kéré jù.

Mo ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé wa sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ṣe tán láti yọ̀ǹda yàrá òkè fún un lọ́jọ́kọ́jọ́. Ìjọba ló kù.

Òǹkàwé yín ní Ìlú Ọba