Mi ò tíì sọ fún màmá ẹ

Kábà,
Alẹ́ Sátidé

Olú ọ̀rẹ́ mi,

Ọ̀kun o. Ṣé dáadáa lẹ wà, ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́, òtútù Kánádà yẹn ńkọ́, ṣé kò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Àwa náà wà níbí, ooru fẹ́ pa wá, iná ò wá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tọ́ọ̀ṣì ni mo tàn tí mo fi ń kọ èyí, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, kàjú ti ń jáde, owó díẹ̀díẹ̀ ń wọlé.

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí níbi tó o ti ń sọ pé ìyàwó ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní họ́sípítù, pé ìwọ lò ń dáná, ìwọ lò ń wẹ ọmọ, ìwọ lò ń di irun ẹ̀ kó tó lọ sí sùkúù, o wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí olè, o ní "jọ̀ọ́, má sọ fún màámi o." Olú! Ìwọ tó jẹ́ pé nígbà tá a wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, gààrí lásán o ò lè rẹ kó má di ẹ̀bà mọ́ ẹ lọ́wọ́!

Mi ò sọ fún wọn, fọkàn balẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ "má sọ" yìí, ni mo ṣe ní kí n jókòó kọ lẹ́tà gidi sí ẹ, torí ọ̀rọ̀ náà gùn, dátà mi ò sì tó.

O rántí ìyá bàbá mi ní Ògìdì, nítòsí Kábà níbí? Yàrá wọn tí òfì wà, èyí tí wọ́n gbé dúró sára ògiri, wọ́n á jókòó síwájú ẹ̀ látàárọ̀, wọ́n á máa fi pákó pẹlẹbẹ yẹn gbá òwú mọ́ra, gbà, gbà, gbà. Mo fẹ́ràn ìró yẹn ju ìlù lọ. Mo lè máa lọ sí ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n lọ ọjà lọ́jọ́ kan, mo jókòó sídìí ẹ̀, mo ti ki òwú bọ ibẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí wọ́n tó dé. Wọn ò nà mí o. Wọ́n kàn fà mí dìde ni, wọ́n ní ọkùnrin kì í jókòó síbẹ̀, ṣé mo fẹ́ di obìnrin ni. Àbúrò mi obìnrin tí ò tiẹ̀ fẹ́ rí òfì sójú, tó máa ń sá lọ ṣeré, òun ni wọ́n máa ń fà létí wá jókòó.

Mo gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Àfìgbà tí mo lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2009, mo dé Ìsẹ́yìn, mo wọ agboolé kan, Olú, ọkùnrin ni gbogbo wọn! Bàbá arúgbó, géńdé, ọmọ kékeré, wọ́n tò sídìí òfì tẹ́ẹ́rẹ́, òwú nà lọ síwájú wọn bí ojú irin, aṣọ òkè ni wọ́n ń hun. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé àwọn obìnrin ńkọ́, ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, ó ní iṣẹ́ ọkùnrin nìyí, iṣẹ́ agbára ni. Iṣẹ́ agbára! Iṣẹ́ tí ìyá bàbá mi fi ẹ̀yìn títẹ̀ ṣe dọjọ́ alẹ́. Ọkọ̀ kì í lò tó ọjọ́ kan láti ilé wa dé ibẹ̀ o, Yorùbá ni wá, Yorùbá ni wọ́n, òwú kan náà, níbí iṣẹ́ obìnrin ni, lọ́hùn-ún iṣẹ́ ọkùnrin ni, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń búra pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Kì í kúkú ṣe pé ìdènà nìkan ló máa ń jẹ́. Wo Nike Davies-Okundaye, oníṣẹ́ àdìrẹ yẹn, ọmọ Ògìdì, tí wọ́n bí ní 1951, inú ilé lọ́dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ àgbà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iṣẹ́ òwú torí pé obìnrin ni, iṣẹ́ ọ̀hún ló gbé e káàkiri ayé, lónìí àwọn òyìnbó ń wọ mọ́tò wá wo gálárì ẹ̀ ní Lẹ́kkí. Mo máa ń bi ara mi pé ọmọkùnrin mélòó ló ní irú ọwọ́ yẹn ní Ògìdì tí wọ́n ti lé kúrò nídìí òfì, mi ò sọ pé èmi wà lára wọn o, aṣọ tèmi ìgbà yẹn wọ́.

Èyí tí mi ò tíì bá ẹ sọ rí ni ti sístà mi tó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ́nà ọjà. (O mọ̀ pé nílé wa a kì í bá ara wa sọ "ẹ", ọdún méjì péré ló fi jù mí, má rò pé mò ń rí i fín.) 1999 ló ṣe WAEC, ó ní kírẹ́díìtì méje, Máàsì wà níbẹ̀. Bàámi gba rìsọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n wò ó, inú wọn dùn, wọ́n ká a sínú Bíbélì. Ibẹ̀ ló parí sí. Wọ́n ní owó kòkó ọdún yẹn ò pọ̀, pé ilé ọkọ ló ń lọ náà, kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì èmi náà ṣe tèmi, mo féèlì Máàsì, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Máàsì lónìí! Wọ́n wá owó kòkó rí o, mo tún un ṣe, mo jókòó JAMB ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó wọ Yunifásítì Ìlọrin ní 2004, owó fọ́ọ̀mù ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn sì rèé, sístà ló san án, nínú owó aṣọ Kérésì tó rán fún àwọn èèyàn.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò mọ ohun tó gbé e dé ẹnu mi, mo ní ṣé inú ṣì ń bí i sí bàámi. Ó ní rárá, ayé ìgbà yẹn ni. Ó ní "ìwọ ni inú ń bí mi sí díẹ̀, torí láti ọjọ́ yìí o ò bi mí rí pé kí ni mo fẹ́ kà." Olú, mi ò rí nǹkan kan sọ. Nígbà tó yá mo ní ó dáa, kí lo fẹ́ kà? Ó ní sọ̀fíyọ̀. Ó ní òun fẹ́ máa wọn ilẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó fi tépù tó wà lọ́rùn ẹ̀ nà mí.

Mi ò lè pe bàámi ní ẹni burúkú, àwọn náà jẹ nínú ẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tá a sin wọ́n tán la tó bá káàdì họ́sípítù lábẹ́ àpò kòkó, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà, wọn ò sọ fún màámi, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ọkùnrin ò gbọdọ̀ ké ìrora.

Èmi náà tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ mi ò mọ́ o. Ọmọbìnrin mi tó wà ní SS1 ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé dádì, kí ló dé tó jẹ́ pé ọmọkùnrin lẹ máa ń fi ṣe káábítínnì kíláàsì, ọmọbìnrin á wá jẹ́ igbá kejì? Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ó ní ta ló ní kẹ́ ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀? Mo ní kó lọ sùn. Àmọ́ èmi ni mi ò sùn, mo ń ka gbogbo ìgbà tí mo ti ní "ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbé béńṣì, ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbálẹ̀." Àwọn ọmọkùnrin tá à ń pè ní káábítínnì yìí náà ni wọ́n ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dé SS3 o, ọ̀kadà, tàbí kọndọ́ trélà lọ́nà Ọ̀bàjáná níbi iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, torí bí irùngbọ̀n bá ti lè hù báyìí ilé ti ń wò wọ́n lójú pé kí ni wọ́n mú wálé.

Ó dáa, jẹ́ kí n sọ èyí tó máa pa ẹ́ lẹ́rìn-ín. Oṣù tó kọjá, ibiṣẹ́ ìyàwó mi ní kó wá ṣe kọ́ọ̀sì ní Lọ́kọ́ja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kìíní a jẹ búrẹ́dì. Ọjọ́ kejì mo se Indomie, ó jóná, Indomie o! Ọjọ́ kẹta mo ti ibi iṣẹ́ dé, òórùn ẹ̀gúsí ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé ìyàwó mi ti padà. Ọmọkùnrin mi ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ró aṣọ mọ́ àyà, ó ń ro ọbẹ̀. Ẹ̀rù bà á nígbà tó rí mi. Ó ní "mọ́mì ló kọ́ mi, wọ́n ní kí n má sọ fún yín." Ìwọ nìkan kọ́ lò ń sá fún èèyàn o.

Ọjọ́ Sátidé màámi wá kí wa láti Ògìdì. A gúnyán, wọ́n jẹ, wọ́n tún bu ọbẹ̀, wọ́n fọwọ́, wọ́n yíjú sí ọmọbìnrin mi, wọ́n ní "o káre, ilé ọkọ á rọ̀ ẹ́ lọ́rùn." Ọmọ ní èmi kọ́ o, àbúrò mi ni. Ha. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní a fẹ́ ba ọmọkùnrin kan ṣoṣo tá a bí jẹ́, pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ọkùnrin kì í sọ ilé ìdáná dilé.

Mo wá rán wọn létí ìtàn kan tí àwọn fúnra wọn máa ń sọ fún wa. Ìyá tó bí wọn ń gbé ní Kábà, àbúrò ìyá náà sì ń gbé nílé ọkọ ní Ìkọ̀lé Èkìtì. Nígbà ìbò 1959, èyí tó wà ní Ìkọ̀lé tẹ̀ka, torí Ìwọ̀-Oòrùn ni Èkìtì wà. Èyí tó wà ní Kábà ò lè tẹ̀ka, torí abẹ́ Àríwá ni wọ́n kó wa sí, Àríwá sì ní ìbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Ọmọ ìyá kan náà o! 1976 ni òfin tó ṣí i fún obìnrin ibí, wọ́n ti di ìyá àgbà kí wọ́n tó dìbò fún ààrẹ nígbà àkọ́kọ́ ní 1979. Mo ní ṣé ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti pín in, àbí ìjọba ló fi ìlà sáàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò? Màámi dákẹ́. Ọmọbìnrin mi ní lónìí ńkọ́, sẹ́nẹ́tọ̀ tó ti lọ láti Kogi West tiwa yìí látọdún 1999, ṣé obìnrin wà níbẹ̀? Kò sí. Ibi tó sún mọ́ wa jù ni Kogi Central, níbi tí kóòtù ti dá Natasha Akpoti-Uduaghan láre lórí ìbò 2023. Màámi ní ọmọ yìí ń ka nǹkan jù. Àmọ́ kí wọ́n tó lọ, wọ́n bu ọbẹ̀ tó kù sínú kúlà wọn, wọn ò sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin yìí náà ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ fún. Ó fẹ́ fi họlidé kọ́ bí wọ́n ṣe ń so sòlá. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan níbí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló máa gun òrùlé? Ọmọ ní òun ni, ṣebí òun lòun ń gun igi àgbọn ilé wa. Ẹnu mi ló yà jù, mi ò mọ̀ pé ó ń gun àgbọn. Ọ̀gá náà gbà á fún ọ̀sẹ̀ méjì ná, ó ní ká wá mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò. Àwọn tó wà lọ́jà níbí kì í sọ òótọ́. Jọ̀ọ́, bá mi ra ọ̀kan tó dáa, kó o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé, má náwó jù sí i, dúdú tàbí yẹ́lò, ọmọ ní òun ò fẹ́ píńkì.

Mo tún fẹ́ gbàgbé, mo pàdé màmá ẹ lọ́jà láàárọ̀ yìí. Ara wọn le. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kí n sọ òótọ́ fún àwọn, ṣé ìyàwó yẹn ń fún ọmọ àwọn lóúnjẹ dáadáa lọ́hùn-ún, torí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ti yọ.

Mo ní mà, ó ń jẹun dáadáa.

Mi ò kúkú parọ́.

Ọ̀rẹ́ ẹ,
Ṣẹ́gun