Dúpẹ́, bá mi wo ìràwọ̀ yìí

Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù Cape Town? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Màmá mi ń kí ọ. Kẹ́mi ti bí obìnrin, ìyá àtọmọ wà ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ìràwọ̀ tí mo ń bá fà á yẹn ní ẹnì kejì tí a kò rí. Tí a bá tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ palẹ̀, àwọn ìlà dúdú inú rẹ̀ á sún sápá pupa, wọ́n á tún padà sápá búlúù, ìyẹn ni pé ìràwọ̀ náà ń jìnnà sí wa, ó sì tún ń sún mọ́ wa. Nǹkan kan ló ń fà á kiri. Ọ̀gá wa ṣírò rẹ̀, wọ́n ní nǹkan náà wúwo tó oòrùn 5, kò sì tàn, torí náà ihò dúdú (black hole) ni, ohun tó wúwo débi pé ìmọ́lẹ̀ kò lè jáde nínú rẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé o rántí àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní HR 6819? Ní 2020, wọ́n ní ìràwọ̀ 2 la rí, pé ihò dúdú ni ìkẹta. Nígbà tó di 2022, telescope ńlá Chile fi hàn pé kò sí ẹnì kẹta rárá. Àwọn 2 yẹn náà ló ń yí ara wọn po ní ọjọ́ 40. Ọ̀kan ti fa gáàsì ara èkejì mu, èyí tó ṣẹ́ kù wá fúyẹ́, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ ti ìràwọ̀ tó wúwo. Ìwọ̀n ẹni tí a rí ni wọ́n ṣì gbé, ló fi dà bíi pé ẹnì kan tó wúwo fara pamọ́.

Gaia BH1, ihò dúdú mìíràn tí wọ́n rí, ní tiẹ̀ dá mi lójú. Ìràwọ̀ tó jọ oòrùn wa ló ń yí nǹkan tó wúwo tó oòrùn 9 àti ààbọ̀ po. Ká ní ìràwọ̀ ni nǹkan yẹn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ì bá bo ti ẹnì kejì mọ́lẹ̀ pátápátá. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, Dúpẹ́: èyí tí à ń rí fúnra rẹ̀ tàn púpọ̀, ẹlòmíràn lè sá pamọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Lálẹ́ àná mo fẹ ìlà hydrogen, ọ̀kan nínú àwọn ìlà dúdú yẹn, lójú, mo sì rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ̀, ó ṣe bàìbàì. Bí ìlà ńlá bá ti ń lọ sápá pupa, òun ń bọ̀ sápá búlúù, àfi bíi pé ìràwọ̀ kejì ló ni ín. Ọ̀gá ní ìdọ̀tí ẹ̀rọ lásán ni. O mọ bí dídákẹ́ tí mo dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ ilé-ìgbé wa lọ́dún kejì ṣe dùn mí tó; mi ò tún fẹ́ dákẹ́ mọ́.

Mo ti fi àwọn fáìlì náà sínú ímeèlì rẹ. Jọ̀ọ́, fojú ara rẹ wò ó, má sọ èrò mi fún ẹnikẹ́ni. Tí ìwọ náà bá rí i, bá mi bẹ àwọn tó ń lo SALT, telescope ńlá tó wà ní Sutherland lọ́dọ̀ yín ní South Africa, kí wọ́n tún un wò fún wa. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá fẹ́ fi ìwé ìwádìí wa lórí ihò dúdú náà ránṣẹ́, mo sì fẹ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kó tó dìgbà yẹn.

Èmi ni tìrẹ,
Bùsọ́lá