Ilẹ̀kùn Ilojo Bar tí n kò wọ̀n

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, Láfíàjí ni mo sì ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi mú mi lọ sí Ìta Tinúbú, a dúró síwájú ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, ó ní kí n pa ẹnu mọ́, kí n wo àwọn ilẹ̀kùn. Orí wọn tẹ̀ bí ọrun tí wọ́n fà. Kì í ṣe igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe irú orí fírémù bẹ́ẹ̀. Ègé ègé ni wọ́n ń gé e, tí wọ́n á fi ẹnu ọ̀kan há ẹnu ìkejì, bí ẹnu kan bá sì ṣì, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ìdílé Fernandez, àwọn Agudà tó ti Brazil padà wá, ló kọ́ ilé náà ní nǹkan bí 1855, tí wọ́n ń ta oúnjẹ àti ọtí níbẹ̀. Ilé tuntun ni lójú ará Èkó nígbà tí wọ́n lé Madam Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò ńlá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Ìta Tinúbú, kúrò nílùú ní 1856. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Nígbà òmìnira, àwọn ará Lẹ́bánónì fi omi tí ń tú sókè ta ìlú lọ́rẹ ní Ìta Tinúbú, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní Independence Square. Ẹnu wa ò kúrò lórí Tinúbú.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 2016, tí iléyá ku ọ̀la, ọjà àgbò ni mo wà tí wọ́n fi pè mí. Nígbà tí mo fi débẹ̀, katakata ti ṣe tirẹ̀, ó ti wó Ilojo Bar palẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá gbé tépù lọ wọn àwọn ilẹ̀kùn yẹn. N kò lọ. Ó dùn mí títí dòní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ilé kíkọ́ l'Ékòó: kí wọ́n kó ọmọ lọ wọn àwọn ilé irú rẹ̀ tó kù. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, iṣẹ́ ọwọ́ João Baptista da Costa àti Sanusi Aka. Kí wọ́n ya fèrèsé kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kí wọ́n kọ bó ṣe fẹ̀ àti bó ṣe ga sí i. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò di etí tépù kejì mú, mo ṣì ń gun àkàsọ̀.

Èmi ni,
Àgbà káfíńtà kan,
Láfíàjí, Èkó