Kọ̀ntírólà Tó Ń Rántí Àṣìṣe

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Ínfátà tí mo sọ fún ọ níjọ́sí ni kò jẹ́ kí n sinmi. O ní kí n ṣàlàyé ohun tí mo ń bá a fà gan-an. Ó yá, gbọ́.

Bí mo bá ti so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn báyìí, ṣe ni orí ìgbì iná máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, àfi bí ẹni fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. PI ni mo kọ́kọ́ lò, irú kọ̀ntírólà (ohun tó ń darí ẹ̀rọ) tó ń dúró kí àṣìṣe, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín iná tí a fẹ́ àti èyí tó jáde, ti ṣẹlẹ̀ kó tó tún un ṣe, kò ká a. Nígbà tí mo wò ó títí lójú sìkóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìgbì iná, mo rí i pé ojú kan náà ló ti ń tẹ́ ní gbogbo àyípo. Àṣìṣe tí a ti mọ ìgbà tó ń bọ̀, kí ló dé tí a ó fi máa dúró kó dé ká tó sáré tẹ̀lé e?

Ibẹ̀ ni repetitive control ti wọlé. Ó ń kọ àṣìṣe àyípo tó kọjá sílẹ̀, bí àyípo tuntun bá sì dé ojú ibẹ̀, àtúnṣe ti ń dúró dè é. Tèmi ń wọn iná ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún ìgbì 50 Hz (àyípo 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ààyè 200 ni ìrántí náà gbà, ọ̀kan fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1976 ni Francis àti Wonham, onímọ̀ nípa ìdarí ẹ̀rọ, ti fi hàn pé kọ̀ntírólà tó bá máa tẹ̀lé àmì kan láìkù síbì kan gbọ́dọ̀ gbé ohun tó ń bí àmì náà sínú ara rẹ̀. Ìdádúró àyípo kan, tí a so ìdí rẹ̀ padà mọ́ ẹnu rẹ̀, ń bí gbogbo ìgbì tó ń tún ara wọn ṣe ní àyípo kọ̀ọ̀kan pọ̀: 50, 100, 150 Hz, ó ń lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́, mo yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbì náà dán, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Kò pẹ́ tí irun wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀, ó ń ga sí i ní àyípo kọ̀ọ̀kan, títí tí ààbò fi já iná. Ìrántí mi ń rántí ohun tí kò yẹ! Lókè lọ́hùn-ún, láàárín ìgbì tó ń yára jù, níbi tí ìṣirò mi kò ti bá ẹ̀rọ mu mọ́, àtúnṣe ń pẹ́ dé débi pé ó ń kún àṣìṣe dípò kó pa á. Mo wá fi fílítà, ohun tó ń sẹ́ irun wẹ́wẹ́ náà kúrò, sí i: ìdajì ohun tó wà nínú ààyè kan, pẹ̀lú ìdámẹ́rin ti iwájú àti ìdámẹ́rin ti ẹ̀yìn. Ti iwájú kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, àyípo tó ti kọjá ni, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí fílítà náà kò fi ń dá nǹkan kan dúró. Àṣìṣe kò tán pátápátá mọ́, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn.

Èyí tó tún yọ mí lẹ́nu ni pé ínfátà náà ń bá iná ìta (ti ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná) rìn. Bí ti ìta bá wá sí 49.8 Hz, àyípo kan di ààyè 200.8, àtúnṣe kò sì bọ́ sójú mọ́. Mo ń da ààyè 200 àti 201 pọ̀, 0.2 sí 0.8, ó sì ń gbà.

Mọ́tò iná rẹ tó ń gbọ̀n ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ojú kan náà lára ọ̀pá rẹ̀ ló ti ń gbọ̀n ní gbogbo yíyí, má fi àkókò ka ìrántí rẹ̀ o, torí eré rẹ̀ ń yí padà. Fi ibi tí ọ̀pá dé kà á. Wọn gbígbọ̀n náà fún yíyí mẹ́wàá, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Akin